Ohun tí Ó Ń Sọ Ogunléndé Di Ọmọ Ìlú

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Bíbélì kíkà: Diutarónómì 10:17–19, Rúùtù 2:8–16, Mátíù 2:13–15

Kókó ẹ̀kọ́: Oúnjẹ àti aṣọ nìkan kò tó fún ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Ohun tí yóò jẹ́ kí ó dúró láàrin wa ni orúkọ nínú ìwé, ààyè nínú kíláàsì, àti àgbàlagbà kan tí kò ní fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹgbẹ́ wa, nítorí a ti mọ́ra láti máa dá owó fún àwọn aláìní. A máa ń ra ìrẹsì, a máa ń di aṣọ tí ó ti há mọ́ àwọn ọmọ wa lára sínú àpò, a ó sì gbé e lọ fún wọn. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí ìrẹsì náà bá tán, kí ni ó kù lọ́wọ́ ọmọ tí a gbé e fún?

1. Ta ni ogunléndé?

Èdè wa ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí kí àwọn ìjọba àgbáyé tó kọ ọ́ sínú òfin. Ogunléndé ni ẹni tí ogun lé débí. Kò jalè, kò jẹ gbèsè sá. Ogun ni ó lé e. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1951 sọ pé ẹni tí ó bá sá kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí inúnibíni kò gbọdọ̀ di ẹni tí a ń dá padà sínú ewu. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe àdéhùn tiwọn ní Addis Ababa ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n sì fi ẹni tí ogun àti rúkèrúdò lé jáde kún un. Ẹni tí ó sá kúrò ní abúlé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kọjá ẹnubodè, àdéhùn tirẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe ní Kampala ní ọdún 2009.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì yìí ṣe pàtàkì fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Fún ọmọ ọdún méje tí ó sùn sí abẹ́ igi lóru àná, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Bí a bá ka Mátíù orí kejì, a ó rí i pé Jósẹ́fù àti Màríà gbé Ọmọ náà sá lọ sí Íjíbítì ní òru, nítorí ọba kan ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Olúwa wa ti ṣe ọmọ ogunléndé rí. Ẹ wo Rúùtù náà, obìnrin ará Móábù tí ó wà ní ilẹ̀ àjèjì. Bóásì kò kàn bu ọkà fún un kí ó máa lọ. Ó ní kí ó má lọ sí oko ẹlòmíràn, ó fi í sáàrin àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ fún un, ó kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó sì ní kí ó máa mu nínú omi tí wọ́n pọn. Ààyè ni ó fún un. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé nìyẹn.

2. Àwa fúnra wa ńkọ́?

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ogunléndé ṣòro láti yé ará Ọ̀yọ́ àti ará Ogbómọ̀ṣọ́. Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí kì í ṣe Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní apá àríwá, ó ju 100 kìlómítà lọ sí wa, nínú igbó tí ó ti di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí ogun Ìlọrin ti fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú, tí Aláàfin Olúewu sì ti kú sójú ogun, àwọn ènìyàn kó kúrò níbẹ̀. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ó sì kó àwọn tí ìlú wọn ti tú jọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó di Ọ̀yọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: Àgọ́. Ibi tí ààfin wà lónìí, àgọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ogbómọ̀ṣọ́ ti wà kí ogun yẹn tó dé. Ṣọ̀ún Ogunlọlá ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú bí Ìkòyí, Ìgbọ́n àti Ìrẹsà tú, Ogbómọ̀ṣọ́ dúró, ó sì gba àwọn tí ó sá wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ogbómọ̀ṣọ́ fi ń jẹ́ oríkì ìlú mìíràn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń ki ọmọ rẹ̀ ní ọmọ Oníkòyí tàbí ọmọ Olúgbọ́n nínú Ogbómọ̀ṣọ́, ìtàn ogunléndé ni ẹ ń gbọ́ yẹn.

Kí ni wọ́n fún àwọn tí ó sá wá? Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́lé sí àti ilẹ̀ tí wọn yóò fi dáko. Wọ́n fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n sì fi ọmọ fún wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n gbàgbé oríkì baba wọn. Nígbà tí yóò fi di ìran kejì tàbí ìkẹta, ọmọ ìlú ni wọ́n. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí a bá ń wo ogunléndé bí ẹni tí kò kàn wá, àwọn baba ńlá tiwa ni a ń gbàgbé.

3. Ọmọ Òṣoògùn kan

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ogun yẹn lé ni ó rí ibi wọ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n mú lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì tà. Ní ọdún 1821, ogun wọ Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì pín wọn níyà. Wọ́n ta ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì sọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ ní Freetown ní Sàró.

Ọmọ náà ni Àjàyí, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní Sàró, wọ́n fún un ní oúnjẹ àti aṣọ, bí wọ́n ti fún gbogbo àwọn tí ó bá a sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó yí ayé rẹ̀ padà ni pé ẹnì kan jókòó tì í, ó sì kọ́ ọ ní Á, B, D. Láàrin oṣù díẹ̀ ó ti ń kàwé. Ọmọ yẹn ni ó wá ṣe aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọn kò ti rí ara wọn.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì náà jẹ gbèsè nínú ìtàn yìí. Àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń padà bọ̀ láti Sàró sí Àgbádárìgì, ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí a fi oníwàásù ránṣẹ́ sí àwọn. Nítorí ìpè wọn ni Thomas Birch Freeman ṣe ti Cape Coast wá, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Àwọn tí ogun lé jáde nílé ni wọ́n pe ìhìn rere wá sí ilẹ̀ wa.

4. Ọjọ́ mẹ́rìnlá

Ogun nìkan kọ́ ni ó ń lé ènìyàn. Ìwé ìjọba kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ogbómọ̀ṣọ́ ni ó mọ èyí, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Gánà. Wọ́n ń ná ọjà Tàmálè, Kùmásì àti Àkrà, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Aláta ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Títí di òní ni ọṣẹ dúdú ṣì ń jẹ́ alata samina lẹ́nu wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ ti wọ́n níbẹ̀, owó kò tó ná, àwọn kan sì ń sọ pé àlejò ni ó gba ọjà mọ́ ọmọ onílé lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá kó ẹrù sínú lọ́rì, wọ́n gba Tógò àti Dàhómì tí a mọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀ báyìí kọjá wálé. Ìlú tí wọ́n bá nílé kò tù lára. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní ìlà-oòrùn, ọdún náà sì ni rògbòdìyàn owó orí gbóná ní Ogbómọ̀ṣọ́ àti ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà.

Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Kíláàsì wa kún lójijì. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Kùmásì jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa. Ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n èdè Twi ni ó fi ń kà á, Yorùbá rẹ̀ kò sì já gaara. Bí ó bá la ẹnu, àwọn ọmọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ọmọ Gánà! Ọmọ Gánà!” Nígbà tí ó yá, kò la ẹnu mọ́. Olùkọ́ wa kò ná àwọn tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní kí ọmọ náà máa jáde wá kọ ìdáhùn sójú pátákó dípò kí ó máa sọ ọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wa ni a ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo lo ọgbọ́n yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Kò pé ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà tí àwa náà fi ṣe ohun kan náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò kí oṣù náà tó parí. Owó epo ti wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí wa ní Gánà ni àwa náà ń sọ sí wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kúrò, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti ọdún 1982, Tógò náà ti tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì há sí Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ni a fi wọ́n sọ ní orúkọ títí di òní: Gáná-mọ́sì-gò. A ń gbé e lọ sọ́jà, a kì í sì í rántí ọmọ tí ó jókòó lé e lórí ní etí bodè.

Mo mú ìtàn méjèèjì yìí wá kí ó lè yé wa pé kò sí orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ àlejò láéláé, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ onílé láéláé.

5. Àwọn tí ó wà nítòsí wa lónìí

Ogun Liberia ti mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ṣí àgọ́ ogunléndé sí Òrù ní Ìjẹ̀bú. Láti ọdún 2009 ni ogun Boko Haram ti ń jà ní Borno àti àyíká rẹ̀. Ó ti lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Láti ìparí ọdún 2017, àwọn ará Kamẹrúùnù ń sá wọ Ìpínlẹ̀ Cross River àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ní ọdún 2021 iye wọn ti ju 60,000 lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà jìn. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, rògbòdìyàn láàrin àwọn darandaran àti àgbẹ̀ lé àwọn ará abúlé agbègbè Ẹ̀gùá, ní Àríwá Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, jáde ní ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá ẹnubodè lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Yorùbá, ni ó di ogunléndé lọ́dọ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tí ó gbà wọ́n sílé ń sọ Yorùbá bíi tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà yẹn ní ọdún 1889 láì bi wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 kan náà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí, àwọn agbébọn wọ Ìgàngán ní ilẹ̀ Ìbàràpá lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun ilé àti ààfin. Ìpínlẹ̀ wa bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà ní apá Ṣakí. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀hún lè bá wa dé ibí.

Ẹ tún rìn dé Sábó ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ẹ ó rí àwọn ọmọ tí ó gbé abọ́ dání. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ogun lé wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè kò lè mọ èyí tí ogun lé.

6. Ọmọ tí ó wà nínú ilé ìdáná wa

Ẹ̀yin ìyá mi, ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù. Ọmọ tí kò ní ẹni tí ń bèèrè rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ènìyàn ń wá. Ní ọdún 2003, àwọn ìjọba Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ kó ọmọ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ padà sílé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n. Kì í ṣe ogun ni ó lé wọn, òṣì ni, àwọn tí ó ṣèlérí iṣẹ́ fún òbí wọn ni ó sì mú wọn wá.

Òkúta nìkan kọ́ ni wọ́n ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá fọ́. Wọ́n ń mú wọn wá fọ abọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí a bá gbọ́ pé rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ níbì kan, àwọn kan nínú wa a máa sọ pé, “Ẹ bá mi wá ọmọbìnrin kan wá láti ibẹ̀, n ó máa fún un lóúnjẹ.” A ó sì pe ìyẹn ní àánú. Ọmọ náà yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò múra fún ọmọ tiwa tí ń lọ sí ilé ìwé, òun yóò sì padà sínú ilé ìdáná. Lójú ọmọ yẹn, kí ni ìyàtọ̀ láàrin wa àti àwọn tí ó mú Àjàyí ní Òṣoògùn?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò gba èyí láyè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2006. Ẹni tí ó bá gba ọmọ ẹlẹ́ni sílé, kí ó fi í sí ilé ìwé bí ọmọ tirẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó má gbà á.

7. Ohun tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe

(a) Kí a mọ̀ wọ́n. Kí a lọ bá baálẹ̀, Sẹ́ríkì Sábó, ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀gá ilé ìwé, kí a béèrè àwọn ìdílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá dé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Kí a má sì ní kí ọmọ máa ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí fún gbogbo ẹni tí ó bá wọlé. Ọmọ tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ yóò sọ ọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀.

(b) Orúkọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó sá àsálà kò ní ìwé kankan. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ẹ̀rí ìbí jẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́dọ̀ àjọ tí ń ka ènìyàn. Kí obìnrin méjì nínú wa tẹ̀lé ìyá ọmọ náà lọ. Bí òbí ọmọ bá sọnù, Red Cross a máa bá ènìyàn wá ìbátan tí ogun pín níyà.

(d) Ilé ìwé. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n aṣọ ilé ìwé, ìwé, bírò àti bàtà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni kí owó wa lọ. Kí a bẹ olùkọ́ kí ó yẹ ọmọ náà wò dáadáa kí ó tó fi í sí kíláàsì. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè wa kì í ṣe olódo. Kí ó jókòó ti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kí ó sì rí ohun tí ó mọ̀ ṣe lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

(e) Ọmọ kan, ìyá méjì. Kí ẹgbẹ́ yan obìnrin méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan fún odindi ọdún kan, kí ó má ba à jẹ́ pé bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, ọmọ tún di aláìlẹ́nìkan. Kí wọ́n máa dé ilé ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó sàn kí a ṣe èyí fún ọmọ mẹ́ta ju kí a pín bisikíìtì fún ọgọ́rùn-ún lọ.

(ẹ) Ìyá ọmọ. Bí ìyá bá ń rí ṣe, ọmọ kò ní í kiri. Kí a wá ààyè fún un lọ́jà wa, kí a yá a ní owó àkàrà tàbí ti gàrí, kí a sì fi í sínú èésú wa. Ohun tí ó dá padà díẹ̀díẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó lè gbé orí rẹ̀ sókè.

(f) Ọ̀wọ̀. Kí a má fún wọn ní aṣọ tí àwa kò lè fún ọmọ wa wọ̀. Kí a má yà wọ́n ní fọ́tò nígbà tí wọ́n bá na ọwọ́ gba ìrẹsì. Bí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí a má fi oúnjẹ ra ẹ̀sìn. Àánú tí ó bá ní ìdè nínú kì í ṣe àánú.

(g) Ohun tí ó ju agbára wa lọ. Ọmọ tí wọ́n bá ti fi ipá bá lò pọ̀, èyí tí ó ń ṣàìsàn, tàbí èyí tí a fura pé wọ́n jí gbé, kí a má fi pamọ́ sílé. Kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì fi tó ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ìjọba ìbílẹ̀ tàbí NAPTIP létí.

8. Ìbéèrè méjì tí a ó gbọ́

Àwọn kan yóò ní, “Àwọn aláìní tiwa ńkọ́?” Òótọ́ ni pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n aláìní tiwa ní ilé baba, ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá, ó ní ẹni tí ó mọ oríkì rẹ̀. Ogunléndé kò ní ìkankan. Ogbómọ̀ṣọ́ sì mọ irú iṣẹ́ yìí: láti àwọn ọdún 1920 ni Miss Ruth Kersey, míṣọ́nárì Bàbtíìsì láti Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn kú nínú ìlú náà, ilé tí ó dá sílẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ nígbà náà pé ọmọ tiwa kò ní í rí jẹ mọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Bí ẹni ibi bá wà láàrin wọn ńkọ́?” Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán, pàápàá lẹ́yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngán. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé ìwé, tí baálẹ̀ mọ ìyá rẹ̀, tí obìnrin méjì ń bèèrè rẹ̀ lóṣooṣù, ẹni mímọ̀ ni. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ó ń sùn sí gáréèjì, ni ẹni ibi yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bí a bá ń bẹ̀rù, ó di dandan kí a mọ̀ wọ́n.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni oríkì agbo ilé yín, ìlú wo ni ó sì ti wá? Ta ni ó gba àwọn baba ńlá yín sílé?
2. Kí ni Bóásì fún Rúùtù yàtọ̀ sí ọkà?
3. Ta ni nínú wa tí ó ní ìbátan tí ó ti Gánà padà wálé ní ọdún 1969, tàbí tí ó rántí aládùúgbò tí ó kúrò ní ọdún 1983? Kí ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa.
4. Ǹjẹ́ ọmọ ẹlẹ́ni wà nínú ilé wa tí kò lọ sí ilé ìwé? Kí ni a ó ṣe kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé?

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọmọ tí ó bá gbà sílẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, kí akọ̀wé sì máa ka ìròyìn wọn fún wa ní ìdá mẹ́rin ọdún kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń ka ti owó àpò. Bí ọmọ náà bá ti wà ní kíláàsì tirẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi orúkọ pè é, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí mọ́ láti pè é ní ogunléndé, iṣẹ́ wa ti yọrí. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn àti okun láti ṣe é. Àmín.